Orí Kẹfà: Àwọn Àlejò Etíkun Nígbà Òtútù

Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó kó kúrò ní London lọ sí apá Kent ló gbà pé etíkun ti kú tí oṣù October bá ti parí. Àwọn ọmọdé tí ń fi yanrìn kọ́lé ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, àwọn tí ń ta áísìkiriìmù ti ti ìsọ̀ wọn pa, atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti orí omi sì mú débi pé omi ń bọ́ lójú ẹni. Ta ló fẹ́ lọ síbẹ̀ lọ ṣe kí ni? Ẹni tó ní ajá ni. Ajá kò mọ̀ pé October yàtọ̀ sí June. Tílẹ̀ bá ti mọ́, ẹnu ọ̀nà ló ń lọ dúró sí, á máa wo ojú olówó rẹ̀. Òfin pàápàá gbè é lẹ́yìn: lọ́pọ̀ etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í gba ajá láàyè láti May títí di ìparí September nítorí àwọn tó ń wẹ̀, ṣùgbọ́n tí òtútù bá ti dé, wọ́n á ṣí yanrìn sílẹ̀ fún un. Bó ṣe di pé ẹni tó ń mú ajá rìn ni ẹlẹ́rìí tó ń wà létí òkun lójoojúmọ́ nìyẹn, ní àsìkò tí ẹyẹ òkun pọ̀ níbẹ̀ jù lọ láàárín ọdún.

Bẹ́ẹ̀ ni, àsìkò tí wọ́n pọ̀ jù lọ. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti sá fún òtútù Gẹ̀ẹ́sì láti September, ó ti gba ọ̀dọ̀ tiwa kọjá lọ sí gúúsù Áfíríkà. Ṣùgbọ́n bí òun ṣe ń lọ ni àwọn mìíràn ń dé láti Greenland, láti àwọn erékùṣù àríwá Kánádà, láti Sàìbéríà, níbi tí ilẹ̀ ti di yìnyín, tí oòrùn kò sì ní yọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Lójú tiwọn, Kent ni ibi tó móoru. Omi tó ń ṣàn wá láti apá ibi tó gbóná nínú òkun Atlantic kì í jẹ́ kí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dì. Ẹrẹ̀ etí rẹ̀ pẹ̀lú kì í sábà dì, oúnjẹ sì wà nínú ẹrẹ̀ náà. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju ìyẹn lọ.

Etíkun tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni ti Thanet, igun ilẹ̀ Kent tó yọrí sínú òkun ní apá ìlà-oòrùn, níbi tí Margate, Broadstairs àti Ramsgate wà. Ibẹ̀ ni èmi àti ajá mi, Sùúrù, ti ń rìn. Ògiri òkúta funfun ló yí i ká, òkúta ẹfun gan-an, tó jẹ́ pé tí èèyàn bá fọwọ́ rá a, ọwọ́ rẹ̀ á funfun. Tí òkun bá fà, ilẹ̀ ẹfun pẹrẹsẹ á yọ síta nísàlẹ̀ ògiri náà, pẹ̀lú ewé òkun, kòtò omi kéékèèké, akàn àti ìgbín omi. Òfin dáàbò bo ibẹ̀ nítorí àwọn ẹyẹ tó ń lo ìgbà òtútù níbẹ̀.

Kí á tó dé orí ẹyẹ, ó yẹ kí á mọ ìṣe òkun náà, torí òun ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Ẹni tó dàgbà sí Badagry tàbí Èkó mọ̀ pé òkun ń kún, ó sì ń fà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tibẹ̀ kò ju bíi mítà kan lọ. Ní Thanet, nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá di àrànmọ́jú, ìyàtọ̀ náà ju mítà mẹ́rin lọ. Omi tó ń lu ẹsẹ̀ ògiri láàárọ̀ lè ti sá lọ jìnnà réré kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà, ó sì ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ, nítorí òṣùpá tó ń fà á kì í dúró lójú kan. Nítorí náà, ẹni tó bá ń mú ajá jáde ní aago méje lójoojúmọ́ kì í bá òkun kan náà pàdé. Lónìí omi kún dé ẹnu. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní wákàtí yìí kan náà, ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ gbalaja. Yóò tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó tún rí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Èmi kò rí ọ̀nà mìíràn tí èèyàn fi lè mọ etíkun ju kí ó máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń gbé kámẹ́rà olówó gọbọi wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù lè ya àwòrán tó rẹwà, ṣùgbọ́n kò lè mọ ohun tó yí padà láàárín àná àti òní.

Fún ẹyẹ, ìkún àti ìfà omi yìí ni wákàtí oúnjẹ. Ní ìparí December, ojúmọ́ Kent kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ lọ. Tí òkun bá wá kún ní ọ̀sán gangan, omi ti bo oúnjẹ mọ́lẹ̀ fún apá tó pọ̀ nínú wákàtí mẹ́jọ náà. Ẹyẹ ní láti jẹun kí omi tó kún, kó tún jẹun nígbà tó bá fà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń jẹun lóru nínú òkùnkùn. Ara wọn kéré, ara kékeré a sì máa pàdánù ooru kíákíá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló mú kí ọ̀rọ̀ ajá tó ń bọ̀ níwájú ṣe pàtàkì.

Ẹyẹ tí ẹ óò kọ́kọ́ dá mọ̀ ní Thanet ni turnstone. Kò ju àdàbà lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúdú pọ̀ mọ́ pupa rúsúrúsú, ó bá ewé òkun mu débi pé èèyàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó rí i. Sùúrù ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi. Á dúró gbagidi, á gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, etí rẹ̀ méjèèjì á nà síwájú. Tí mo bá wo ibi tí imú rẹ̀ kọjú sí, màá rí i pé òkìtì ewé òkun tó wà níwájú wa ń mì. Ẹyẹ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ti ki ẹnu bọ abẹ́ ewé tó nípọn ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ó fi ọrùn àti àyà tì í, ó ká a sókè bí ẹni ń ká ẹní, ó sì yára ṣa àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń tọ pọ́n-ún pọ́n-ún lábẹ́ rẹ̀ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dé. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé, wọ́n jà díẹ̀, ọ̀kan yẹra, ó lọ ń yí òkúta tirẹ̀.

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí turnstone kì í jẹ. Àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn rí i níbi tó ti ń jẹ ọṣẹ, àti níbi tó ti ń jẹ òkú ẹran tí omi gbé wá sí èbúté. Ìwà yìí ló jẹ́ kó lè máa gbé láàárín èèyàn, lórí ògiri èbúté àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń jẹ ẹja díndín. Àwọn tó ń lo ìgbà òtútù ní Kent, Greenland àti àríwá Kánádà ni wọ́n ti pa wọ́n látinú ẹyin. Àwọn ìbátan wọn tí wọ́n pa ní Finland àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká kì í dúró. Wọ́n kàn ń yà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹun ni, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ń bá lọ. Irú ẹyẹ kan náà ni a ń rí lórí òkúta etíkun wa nígbà ọyẹ́, ilé tí wọ́n ti wá ló yàtọ̀. Wọn kì í sì í ṣe aláìníbùgbé. Turnstone tó bá ti gba ibì kan létíkun a máa padà síbẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tí ẹ rí lórí òkúta kan lọ́dún tó kọjá náà lẹ tún ń rí níbẹ̀ lọ́dún yìí.

Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ orí yanrìn, sanderling ni yóò máa rí. Ẹyẹ funfun kékeré ni, tí kò wọ̀n ju nǹkan bí 60 gíráàmù lọ. Á máa sáré tẹ̀ lé omi tó ń padà, á máa ṣá yanrìn tútù; tí ìgbì bá yíjú padà, òun náà á yíjú padà. Kò ní ìka ẹ̀yìn tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ ní. Ìka mẹ́ta péré ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ kọjú síwájú. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i rí láì mọ orúkọ rẹ̀, torí ó ń wá sí yanrìn etíkun Nàìjíríà nígbà ọyẹ́. Àwọn tí wọ́n pa ní Greenland ń pín ara wọn láti Scotland títí dé Namibia. Èèyàn á rò pé àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa, níbi tí oòrùn wà, ló ṣoríire jù. Ní ọdún 2020, Jeroen Reneerkens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn sanderling tó ń lo ìgbà òtútù ní Mauritania àti Ghana ń kú ju àwọn tó dúró ní Yúróòpù lọ, wọ́n sì ń pẹ́ kí wọ́n tó padà sí Greenland.

Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí gan-an, nítorí ó tú èrò kan tó ti wọ̀ wá lára ká. Òtútù fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pinnu ẹni tí yóò yè. Ẹyẹ tó bá ń rí oúnjẹ jẹ yó lè fara da òtútù Kent; ẹyẹ tí kò bá rí àyè jẹun, oòrùn kò lè gbà á.

Báwo wá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń fara dà á, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní ìyẹ́, tó ń wà nínú omi òkun oṣù January látàárọ̀ dalẹ́? Ìdáhùn wà nínú bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe tò. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gbígbóná láti ọkàn lọ sí ẹsẹ̀ àti èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tútù padà sókè sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ á ti fi ooru rẹ̀ fún èyí tó ń gòkè kó tó dé ìka. Ẹsẹ̀ á tutù, díẹ̀ ló máa kù kó dì, ṣùgbọ́n ooru inú á dúró sínú. Tí ẹ bá rí ẹyẹ tó dúró lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo, tó ki ẹnu bọ inú ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má rò pé ó fara pa. Ó ń dín ibi tí ooru ń gbà jáde kù ni.

Ajá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín náà ní irú rẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹranko ní Japan, tí Hiroyoshi Ninomiya ṣáájú wọn, yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ajá wò fínnífínní, wọ́n sì rí i pé iṣan inú rẹ̀ tò lọ́nà tó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ máa gbé ooru fún ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ajá fi ń tẹ yìnyín láì ké. Ààbò náà ní ìwọ̀n, ẹ jọ̀ọ́. Ajá tí irun rẹ̀ fẹ́lẹ́, ajá arúgbó àti ọmọ ajá kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú omi January. Iyọ̀ òkun a máa ta àtẹ́lẹsẹ̀ tó bá ti sán. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ẹ bá délé. Ẹ gbé omi mímu dání fún un pẹ̀lú, torí ajá tí òùngbẹ bá ń gbẹ lè mu omi òkun, iyọ̀ inú rẹ̀ sì lè fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ó sì lè pa á tó bá pọ̀.

Níbi tí ẹrẹ̀ bá pọ̀, bíi Pegwell Bay lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ramsgate, tàbí The Wash ní apá Norfolk tí wọ́n ti ń rí i lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, ẹ wá ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní knot. Ó ń ki ẹnu bọ ilẹ̀ tútù, ó sì ń mọ̀ bóyá nǹkan líle wà nítòsí láì tíì fẹnu kàn án. Theunis Piersma àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1998. Tí ẹnu ẹyẹ bá wọ yanrìn tútù, ó ń ti omi tó wà láàárín yanrìn náà. Ohun líle tó bá wà nítòsí á dí omi yẹn lọ́nà, ṣóńṣó ẹnu knot sì ní ohun tó ń gbọ́ ìyàtọ̀ náà. Nínú yanrìn gbígbẹ, kò lè ṣe é. Tí ohun líle náà bá jẹ́ ẹ̀dá oníkarawun, odindi ló ń gbé e mì, iwe rẹ̀ ni yóò fọ́ karawun. Iwe yìí, tí gbogbo wa mọ̀ nínú ọbẹ̀ adìẹ, a máa tóbi sí i lára knot nígbà tí oúnjẹ rẹ̀ bá le, a sì tún máa súnkì nígbà tí oúnjẹ bá rọ̀.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù nínú gbogbo wọn ni brent. Ìbátan pẹ́pẹ́yẹ ni, bó tilẹ̀ tóbi ju pẹ́pẹ́yẹ ilé lọ díẹ̀, tí orí àti ọrùn rẹ̀ sì dúdú kirikiri. October ló ń dé láti Taymyr ní Sàìbéríà, March ló sì ń padà. Koríko tó ń hù lábẹ́ òkun ni oúnjẹ rẹ̀ jù lọ. Láàárín 1930 sí 1940, àrùn kan pa koríko náà run lọ́pọ̀ etíkun Atlantic, brent sì dín kù gidigidi. Tí ẹ bá rí ọ̀wọ́ wọn, ẹ wo apá wọn. Ìlà funfun wà lápá àwọn ọmọ tí wọ́n pa lọ́dún yẹn, kò sí lára àgbà. Bàbá, ìyá àti ọmọ kì í pínyà títí òtútù á fi parí, nítorí náà ẹ lè ka ọmọ ìdílé kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún kan, ẹ óò rí ìdílé tó ní ọmọ mẹ́ta mẹ́rin. Lọ́dún mìíràn, àgbà nìkan ló kún ibẹ̀, ìlà funfun ṣọ̀wọ́n.

Ohun tó ń fà á wà ní Taymyr. Eku kékeré kan tó ń jẹ́ lemming ń gbé ibẹ̀, ó sì máa ń pọ̀ rẹpẹtẹ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta mẹ́rin, lẹ́yìn náà á tún dín kù wọ̀ọ̀. Lọ́dún tí eku pọ̀, òun ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ilẹ̀ yìnyín ń jẹ, ẹyin brent á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún tí eku kò sí, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á kọjú sí ìtẹ́ brent, á kó ẹyin, á kó ọmọ. Ẹni tó ń mú ajá rìn létíkun Kent ní November lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ bí eku ṣe rí ní Sàìbéríà ní June. Ohun tó nílò ni awò tí ń sún ọ̀ọ́kán mọ́ni, àti ajá tó lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yìí náà ló gbé wa dé orí ajá. Ẹyẹ tí wọ́n pa sí ilẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti mọ ewu tó wà lára ẹran onírun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ń fi imú wá ilẹ̀ kiri. Kò mọ̀ pé Sùúrù ti jẹun yó kó tó kúrò nílé. Ní ọdún 2007, Peter Banks àti Jessica Bryant tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe nínú igbó ẹ̀bá Sydney ní Australia. Níbi tí wọ́n ti mú ajá rìn, irú ẹyẹ tí wọ́n rí fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún dín, iye ẹyẹ sì fi ìdá 41 dín. Ajá tó wà lókùn ni wọ́n lò o. Èèyàn tó rìn láìsí ajá kò dà wọ́n láàmú tó ìdajì ìyẹn. Lóòótọ́ igbó ni, kì í ṣe etíkun, ṣùgbọ́n ẹyẹ inú igbó ní igi tó lè sá gùn. Ẹyẹ orí ẹrẹ̀ kò ní ibi ìsásí kankan ju ojú ọ̀run lọ.

Ìsáré ẹ̀ẹ̀kan kò pa ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ajá kan lé e ní aago méje, òmíràn lé e ní méje ààbọ̀, ẹlòmíràn ju bọ́ọ̀lù sí àárín ọ̀wọ́ wọn ní mẹ́jọ. Gbogbo ìgbà tó bá fò, ó ná ọ̀rá tó kó jọ lánàá, ó sì pàdánù ìṣẹ́jú nínú wákàtí tí oúnjẹ fi ṣí sílẹ̀. Tí òtútù bá wá le lóòótọ́, tí ojú ẹrẹ̀ dì, tí ekòló òkun rì lọ sísàlẹ̀, ẹyẹ tó ti ná ìpamọ́ rẹ̀ tán kò ní ohun tí yóò gbé e kọjá ọ̀sẹ̀ náà. Ní February 1991, irú òtútù bẹ́ẹ̀ dé sí The Wash. Redshank, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ pupa tó máa ń kọ́kọ́ ké nígbà tí ewu bá yọ, kú níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Nítorí náà, èrò tèmi dúró lójú kan: níbikíbi tí ẹyẹ bá ti ń jẹun tàbí tó ti ń sinmi, ajá gbọ́dọ̀ wà lókùn, okùn kúkúrú ni, kì í ṣe èyí tó gùn gbọọrọ. Tí òkun bá kún, ẹyẹ máa ń kóra jọ sí ìwọ̀nba ilẹ̀ tó kù láti sinmi. Láti bíi wákàtí méjì kí omi tó kún títí di wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gba ojú ọ̀nà òkè ògiri ẹfun, ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ajá lè sáré tó bá wù ú nígbà tí omi bá ti fà, lórí yanrìn tí kò sí ẹyẹ kankan, tó bá ti kọ́ láti dáhùn nígbà tí ẹ bá pè é. Àwọn baba wa tó fi ajá ṣọdẹ mọ iyì ìdáhùn yìí. Àwọn ló ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ ṣọ́ ìṣe ẹyẹ pẹ̀lú. Tí wọ́n bá dáwọ́ oúnjẹ dúró, tí gbogbo wọn na ọrùn sókè, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gba ọ̀nà kan lọ, ẹ ti sún mọ́ wọn jù. Ẹ padà sẹ́yìn kí wọ́n tó fò. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ níṣojú yín, ẹ óò sì rí ohun tí ẹni tí ajá rẹ̀ ń sáré níwájú kò ní rí láéláé.

Seal ni ẹranko ńlá tó tún ń gúnlẹ̀ nígbà òtútù. Ní Horsey àti Blakeney ní Norfolk, November sí January ni àwọn seal eléérú ń bímọ sórí yanrìn. Ọmọ tuntun wọ̀n tó nǹkan bí kìlógíráàmù 14, irun rẹ̀ funfun báláú. Wàrà ìyá rẹ̀ lọ́ràá débi pé ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn ìyá á já a lẹ́nu ọmú, á sì fi í sílẹ̀ lọ sínú òkun. Ọmọ náà á dúró lórí ilẹ̀ títí ebi á fi lé e wọnú omi. Ní Thanet, ọmọ seal tó ti rẹ̀ lẹ́yìn ìjì lẹ sábà máa rí, tó dùbúlẹ̀ nìkan lórí yanrìn. Ẹ má tì í padà sínú omi. Ìsinmi ló wá. Ẹnu rẹ̀ kún fún kòkòrò àìsàn, ó sì lè bu èèyàn àti ajá jẹ. Àrùn pẹ̀lú wà láàárín seal àti ajá: fáírọ́ọ̀sì tó pa nǹkan bí 18,000 seal ní àríwá Yúróòpù ní 1988 jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́ èyí tó ń fa àrùn distemper lára ajá. Ẹ rí i pé ajá yín ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ jìnnà síbẹ̀, kí ẹ sì pe àwọn British Divers Marine Life Rescue tí ẹ bá rí i pé ó fara pa.

Lẹ́yìn ìjì, ẹ ṣọ́ ẹnu ajá yín. Ohun kan tí òkun ń gbé wá sí etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà òtútù ni epo ọ̀pẹ, irú epo pupa wa yìí gan-an, tí ọkọ̀ ẹrù tó fọ àgbá rẹ̀ lójú agbami dà sómi. Omi tútù ti mú un dì, ó ti ṣí láwọ̀ di funfun tàbí ìyeyè, ó sì lè máa rùn bí epo dísù. Àwa tí wọ́n fi epo tọ́ dàgbà pàápàá kò ní dá a mọ̀, ṣùgbọ́n ajá á rò pé oúnjẹ ni. Ọ̀rá inú rẹ̀ a máa fa èébì àti inú rírun tó le, ìṣùpọ̀ rẹ̀ lè dí ìfun, ẹ̀gbin tó bá a pò mọ́ra lójú òkun sì lè jẹ́ májèlé. Ajá ti kú nípa rẹ̀. Tí ajá yín bá fẹnu kàn án, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó rí dókítà ẹranko. Òkú ẹyẹ pẹ̀lú, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí ajá gbé e. Nígbà òtútù 2021 sí 2022, àrùn lukuluku ẹyẹ pa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ẹyẹ barnacle goose tó ń wá láti Svalbard sí Solway, láàárín Scotland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Lára ẹyẹ tí ẹ óò rí, àwọn kan wọ òrùka lẹ́sẹ̀, irin tàbí èyí tó ní àwọ̀. Ẹ fi awò kà á, ẹ kọ nọ́ńbà tàbí àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí British Trust for Ornithology, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933. Nípa òrùka ni wọ́n fi mọ̀ pé ẹyẹ oystercatcher kan, tí wọ́n fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ní 1970, ṣì wà láàyè ní 2010. Èèyàn wa kò tíì pọ̀ nínú àwọn tó ń fi irú ìròyìn báyìí ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ a wà létíkun náà, a ní ajá, a sì ń rìn níbẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́la, ẹ wo àkókò tí omi máa kún kí ẹ tó mú okùn ajá, kí ẹ sì mú ìwé àti kálámù dání.